Orírun Ọ̀rọ̀ náà 'Photography': Ẹni tó Kọ́kọ́ Kọ Ọ́ àti Ẹni tó Tàn Án Kálẹ̀

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, 'photography', tí 'fọ́tò' inú èdè Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì. 'Phōs' ni ìmọ́lẹ̀. 'Graphein' sì dúró fún kíkọ àti yíyà: ohun tí Yorùbá fi 'kọ' àti 'yà' pín sí méjì ni Gíríìkì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán kò lo orúkọ yìí. Niépce, ará Faransé, pe tirẹ̀ ní 'héliographie'. Daguerre fi orúkọ ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ ní 'daguerréotype'. Ní oṣù kìíní ọdún 1839, Talbot pe tirẹ̀ ní 'photogenic drawing' níwájú Royal Society ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John Herschel, kò fara mọ́ ọn. Nínú lẹ́tà ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún náà, ó ṣàlàyé pé 'photogenic' kò ṣeé fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn, àti pé kò bá 'lithography', iṣẹ́ títẹ àwòrán láti ara òkúta, dọ́gba. 'Photography' ni ó fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lò ó nínú bébà tó kà fún Royal Society ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú lẹ́tà Herschel, 'Photographie' ti jáde nínú ìwé ìròyìn Vossische Zeitung ní Berlin. J.M. ni wọ́n fi sàmì sí àpilẹ̀kọ náà. Johann von Mädler ni àwọn onímọ̀ sì kà á sí. Ọdún márùn-ún ṣáájú èyí, ní 1834, Hercule Florence, ọmọ bíbí Nice tó tẹ̀dó sí Campinas ní Brazil, ti kọ 'photographie' sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Àìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀ ló mú un wá ọgbọ́n àti fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ẹ̀dà ìwé. Ìwádìí Boris Kossoy, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́, Florence ṣáájú Mädler àti Herschel. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Herschel ni. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnì kan nínú wọn wo iṣẹ́ ẹnì kejì. Àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti àpẹẹrẹ 'lithography' tó ti wà nílẹ̀ tó láti darí wọn sí ọ̀rọ̀ kan náà. Òpìtàn tó bá gbára lé ìwé títẹ̀ nìkan yóò gbójú fo ẹni tó ṣáájú nítorí pé kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.