Ẹrù Aládùúgbò Lọ́wọ́ Wa: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Hijira

  

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ẹrù tí kì í ṣe tiwa, tó wá dé ọwọ́ wa. Ẹni tó gbé e wá kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kò bá ẹnì kankan nílé, ó bá yà sọ́dọ̀ wa. A ní kó gbé e sílẹ̀, a ó bá wọn gbà á. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n àmánà la ti gbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn. Kí Ànábì Muhammad (S.A.W.) tó di òjíṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 610 ni àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè é ní Al-Amin, ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Kò sí báńkì nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní ohun iyebíye, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e pamọ́ sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìpè sí ẹ̀sìn, Kùráìṣì kẹ̀yìn sí i, wọ́n fi ìyà jẹ àwọn sàábé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹrù wọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀!

Ní ọdún 622, wọ́n gbìmọ̀ láti pa á. Òun àti Abubakr sá pamọ́ sínú ihò òkè Thawr. Ì bá ti kó ẹrù náà lọ, kó ní wọ́n jẹ òun ní gbèsè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Aliyu ọmọ Abi Talib ló fi sílẹ̀ ní Mẹ́kà fún ọjọ́ mẹ́ta, kó dá ohun oníkálukú padà fún un, kó tó lọ bá a ní Quba, lẹ́bàá Mẹ̀dínà.

Lónìí ńkọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, ọdún 2012 ni àjọ Ofcom gba Royal Mail láyè jákèjádò ìlú láti máa fi ẹrù sílẹ̀ fún aládùúgbò ẹni tí kò sí nílé. Nílé níbí náà, ọlọ́kadà ń gbé e dé ojúlé.

Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti là á yé wa. Kò pọn dandan ká gbà á. Ẹni tí kò ní lè tọ́jú rẹ̀, kó yáa sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbà á, kó má tú u, kó má lò ó. Tó bá sọnù láìsí àìbìkítà tiwa, a ò ní san án. Ṣùgbọ́n tá a bá gbàgbé rẹ̀ síta tí olè gbé e, a ó san án. Kí ẹlẹ́rù náà má sì tètè pe ẹni tó bá a tọ́jú ẹrù lólè.

Ẹlòmíì á ní, "Èmi àti lágbájá ò kì í ra wa, n ò ní fún un lẹ́rù ẹ̀." Ẹ rántí àwọn tí Aliyu dá ẹrù padà fún. Ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ni?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpamọ́ àmánà. Aamin.