Ẹ yẹ ìdí ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù wò kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀

Ẹni tó bá dé ibùdó ọkọ̀ àjàgbé tó wà ní Ògèrè Rẹ́mọ, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò mọ̀ pé ọkọ̀ àlòkù kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbòkun, èyí tí atẹ́gùn ń gbé lọ lójú omi, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá kú sọ́nà, awakọ̀ rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ ni. Bí ìdí ọkọ̀ ojú omi bá lu láàárín ọ̀sà ńkọ́?

Èkó ni ará Ògèrè tó bá fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wá a lọ. Láti ọdún 1932 ni ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà níbẹ̀, Lightning sì wà lára irú ọkọ̀ tí wọ́n ń tù. Ọdún 1938 ni wọ́n ya àwòrán Lightning ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni gígùn rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ló sì ń tù ú. Irú èyí ló bá olówó kékeré mu, nítorí pé ó ṣeé fà gba ọ̀nà Ìkòròdú àti Ṣàgámù wálé, kí ẹ sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe dá owó lé e nígbà tó bá ṣì wà nínú omi. Ẹ ní kí wọ́n fà á sókè, kí ẹ sì fi èkù ọ̀bẹ kan gbogbo ara rẹ̀. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti yí padà, àrùn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ onígi, ẹ fi ìṣó tín-ín-rín gún un. Kòkòrò inú omi iyọ̀ a máa jẹ inú pákó tán, kí ojú rẹ̀ sì máa dán. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti àárín ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ àpótí irin yìí ló sábà máa ń jò. Ẹ bu omi díẹ̀ sínú ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ wo ibi tí yóò ti kán. Mi ò mọ àyẹ̀wò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi àkísà nu okùn onírin tó di òpó mú. Bí àkísà bá há, okùn náà ti ń já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé òpó tó bá wó lè pa ènìyàn. Aṣọ ìgbòkun ló ń jẹ owó jù. Bí òwú rẹ̀ bá ń já nígbà tí ẹ fi èékánná ha á, oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹ yọ owó ìgbòkun tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Abẹ́ òrùlé ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, nítorí òjò. Fáíbà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó lẹ ẹ́, kí ẹ sì ha etí ihò náà fẹ̀ tó ìlọ́po 12 nínípọn rẹ̀. Ẹ bo imú yín. Ti onígi, ìrókò tàbí òpèpè ló dára, pẹ̀lú ìṣó tí kì í dípẹtà.

Bí ìdajì ìdí ọkọ̀ bá ti jẹrà, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sómi, ibi tí omi kò ti jìn, lẹ́bàá èbúté, ni kẹ́ ẹ wà. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, kí àjẹ̀ méjì àti igbá ìgbọ́nmi sì wà nínú ọkọ̀.