Òjé Inú Ilẹ̀ Àpápá àti Èérún Fàdákà láti Ara Èèpo Obì

Ní ọdún 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n ní iṣẹ́ ìlú ni àwọn fẹ́ fi í ṣe. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun ìlú Èkó, kò káwọ́ gbera. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ilé kò fún un ní ẹ̀tọ́ tí ó ń béèrè, ó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní ọdún 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1921, àwọn adájọ́ dá a láre. Wọ́n ní ilẹ̀ Àpápá kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti olóyè nìkan. Ti àwùjọ ni, olóyè kàn ń ṣọ́ ọ fún wọn ni. £22,500 ni owó gbà-máà-bínú tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

A máa ń ka ẹjọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìṣẹ́gun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ojú ilẹ̀ tó ní ọjọ́ náà nìkan ni ilé ẹjọ́ lè wọ̀n. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun tí a ó dà sínú ilẹ̀ ọ̀hún ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Ìtàn apá kejì yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1926 ni wọ́n parí èbúté tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní Àpápá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fa èbúté náà gùn, wọ́n sì fi yanrìn dí àbàtà láti pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Nígbà tí ó di ọdún 1975, tí ìjọba àpapọ̀ ra sìmẹ́ńtì tí apá èbúté kò ká, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ wà lórí òkun tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí, ó di dandan kí wọ́n wá ibòmíràn. Èbúté Tin Can ṣí ní ọdún 1977.

Àwọn tí ń fi èjìká ru ẹrù èbúté kò lè san owó ilé láàárín àwọn ọ̀gá ní Àpápá. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí: Yorùbá, Ìlàjẹ, Íbò, Ìjọ́, Ùròbò, Haúsá, gbogbo wọn pọ̀ nínú yàrá kótópó-kótópó lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Orúkọ náà dùn létí, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún ọkọ̀ tí ó dé èbúté ni a lò fún ajé. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni ó gúnlẹ̀.

Òjé kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n òjé ọrùn ọwọ́ yàtọ̀ sí òjé tí iná sọ di èéfín. Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń po òjé mọ́ epo bẹntiróò kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kọ́, gbogbo ayé sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí ọdún 2004 ni Nàìjíríà tó jáwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo mọ́tò tí ó bá kọjá ní òpópónà wa ń fọ́n òjé díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ tún wo àwọn tí ń fọ́ bátìrì mọ́tò láti yọ́ òjé inú rẹ̀. Ẹ wo táyà ọkọ̀ àjàgbé tí ń jẹ síńkì sílẹ̀, àti bíréèkì tí ń jẹ bàbà sílẹ̀, ní ọ̀nà èbúté tí àwọn ọkọ̀ náà ti ń sùn, tí wọ́n ń jí. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà àlòkù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Orí ààtàn ni irú wọn ń gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wáyà kí bàbà lè yọ.

Ewé a máa jẹrà, òkú ẹran a máa jẹrà. Òjé kì í jẹrà. Ibi tí ó bá bọ́ sí ni ó máa ń wà, àfi bí àgbàrá bá gbé e lọ sí ibòmíràn, àgbàrá kò sì wọ́n ní Ajégúnlẹ̀. Bí a bá wá gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sí etí kánààlì irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Kádímíọ̀mù, tí ó wà nínú irú bátìrì kan àti nínú ọ̀dà, ń gba ẹnu ọ̀nà tí síńkì àti irin ń gbà wọlé sára irúgbìn. Òjé ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, eruku rẹ̀ sì ń bà lé ewé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu; ọpọlọ ọmọ ni ó máa ń bà jẹ́.

Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ tiwa ti wọ inú ìtàn. Ní Yunifásítì Ladoke Akintola, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe èérún nánò láti ara ohun tí a ń kó dà nù: èèpo obì, èèpo kòkó, títí kan òwú aláǹtakùn. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ni nánòmítà. Èérún nánò kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000. Ẹni tí ó bá ti ro àmàlà rí yóò mọ ohun tí ìkúnná ń ṣe: odidi gbodò kò mumi tó èlùbọ́. Bí nǹkan bá ṣe kúnná tó ni ojú tí ó lè fi di nǹkan mìíràn mú ṣe ń pọ̀ tó.

Wọ́n se èèpo obì gbàǹja, wọ́n sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ omi tí iyọ̀ fàdákà ti yọ́ sí, fàdákà sì di èérún. Ní ọdún 2019, Luqmon Azeez ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú Lateef àti àwọn mìíràn, tẹ àbájáde kan jáde: wọ́n gbin mọ̀rínga sínú ilẹ̀ tí wọ́n bu òjé àti kádímíọ̀mù sí, wọ́n sì fún un ní èérún fàdákà yìí. Èérún náà so májèlé mọ́lẹ̀, ara irúgbìn sì le ju ti èyí tí kò rí i gbà lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Clement Ogunkunle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin fọ́n èérún títéníọ̀mù sí ewé ẹ̀wà tí ó wà nínú ilẹ̀ kádímíọ̀mù, èyí tí ó dé inú ara ẹ̀wà náà sì dín kù.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi yangàn ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n so májèlé mọ́lẹ̀. Wọn kò kó o kúrò. Òjé ṣì wà nínú ilẹ̀, ọmọ tí ń ṣeré lórí rẹ̀ ṣì lè fi ọwọ́ kó o sẹ́nu. Fàdákà fúnra rẹ̀ ń pa kòkòrò àìfojúrí, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń lò ó sí ojú egbò. Inú ilẹ̀ oko sì kún fún àwọn kòkòrò tí a kò fẹ́ kí ó kú. Ilẹ̀ tí olùwádìí fọwọ́ ara rẹ̀ wọn májèlé sí kì í sì í ṣe etí kánààlì, níbi tí òjò ti ń kó tuntun dé lọ́dọọdún.

Ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọmọ tí ó lé ní 400, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n mú dání. Wọ́n ha erùpẹ̀ àgbàlá kúrò, wọ́n kó èyí tí ó mọ́ dà síbẹ̀. Ìlú Bagega ni ó dúró pẹ́ jù, ọdún 2013 ni ó tó kàn án. Ní Ògíjo, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, àwọn akọ̀ròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún 70 ènìyàn ní àyíká àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì. Ní ọdún 2025 wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde pé méje nínú mẹ́wàá ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tí ń pani lára.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun àti ti Àpápá tó ra èérún kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn erùpẹ̀ ilé ìwé àti etí kánààlì, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ní èdè tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè kà. Ní báyìí ná, ẹni tí ó bá ń gbin nǹkan níbẹ̀ lè kó erùpẹ̀ tí ó mọ́ sínú àpò, kí ó fi ìlẹ̀dú bọ́ ọ. Ilá àti tòmátò sàn jù láti gbìn ju ẹ̀fọ́ lọ, nítorí òjé kì í sábà dé inú èso bí ó ti ń bà lé ewé. Ẹni tí ó bá sì ra ẹ̀fọ́, kí ó fi omi púpọ̀ ṣàn án dáadáa.