Ìdánilọ́lá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ta yọ ní agbègbè Lẹ́kí àti Ajah

Ìdánilọ́lá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ta yọ ni gbogbo ọ̀nà tí àwùjọ kan ń gbà yẹ́ ọmọ sí nítorí ohun ribiribi tó gbé ṣe, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀kọ́, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ọnà. Ní ilẹ̀ tó lọ láti Lẹ́kí dé Ajah, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí Victoria Garden City tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VGC wà, ọ̀rọ̀ náà ní bó ṣe rí tirẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀.

Láyé àtijọ́, agboolé ló kọ́kọ́ ń yẹ́ ọmọ sí. Wọ́n á kì í ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, wọ́n á so ohun tó ṣe mọ́ orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Bó bá dàgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń hàn, ọba lè fi í joyè. Nígbà tí ìwé kíkà dé, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gba ẹrù náà. Wọ́n ń dáwó jọ, wọ́n sì ń fi rán ọmọ tí orí rẹ̀ pé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, nígbà mìíràn títí dé ìlú òyìnbó. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní London ní 1945, tí wọ́n sì gbé wá sílé ní 1948, fi ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá kún àwọn ète rẹ̀. Àṣà náà kò tíì parẹ́. Ní oṣù keje 2022, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré ọgọ́rùn-ún mítà àfòlórí-igi ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ohun tí obìnrin kankan kò ṣe rí láyé. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè OON dá a lọ́lá, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì fún un ní ilé àti owó. Ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́mọ. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó yẹ kó yẹ́ ẹ sí.

Ní VGC, ìbéèrè yẹn le díẹ̀. Ilé iṣẹ́ HFP Engineering ló sọ ilẹ̀ olómi tó wà lẹ́bàá Ìkọtà di ẹ́síteètì, àwọn tó sì ra ilé síbẹ̀ wá láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn ògiri rẹ̀ ni Ìkọtà, Làńgbàsà, Badore àti Ajah wà, pẹ̀lú àwọn apẹja tí ọ̀sà ti ń bọ́ kí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tó dé. Nínú irú àwùjọ báyìí, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti olùgbé, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló ń ṣe ohun tí mọ̀lẹ́bí ń ṣe nílé. Ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ ni ayẹyẹ tó wọ́pọ̀ jù. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ògiri ẹ́síteètì sábà máa ń di ààlà ìdánilọ́lá náà: ọmọ tó gba ipò kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní òdìkejì títì kì í sí lórí ìwé orúkọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ti gbìyànjú jù láti fo ògiri yẹn. Ní 1988 ni wọ́n dá àwọn Model College sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Badore lẹ́bàá Ajah. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀, ọmọ tó bá sì yege á máa gbé inú ọgbà. Kò sí ife-ẹ̀yẹ nínú èyí, àmọ́ ìdánilọ́lá gidi ni, nítorí ọdún púpọ̀ ni ọmọ á fi jẹ èrè rẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù ní Èkó ni Gómìnà Ọjọ́ Kan. New Era Foundation, àjọ tí Olúrẹ̀mí Tinúbú dá sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ ìyàwó gómìnà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001. Ìdíje sípẹ́lì ni: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì á máa pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹnì kan. Olúborí á jókòó sórí àga gómìnà ní Aláùsá, àwọn tó tẹ̀lé e á sì bá a pín nínú ipò náà. Mo ka ètò yìí sí pàtàkì nítorí ohun tó ń fún ọmọ: ó gba àyè láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń ṣe òfin, wọ́n sì fetí sí i. Ọmọ táláká àti ọmọ olówó, lẹ́tà kan náà ni wọ́n jọ ń pè.

Ní Lẹ́kí fúnra rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ tó gbòde jù ni ti alásè Hilda Baci ní 2023. Ọgbà Amore Gardens ló ti dáná láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ó ń lé wákàtí 100. Àkọsílẹ̀ ayé fún dídáná láìdáwọ́dúró tó fẹ́ borí ni ti Lata Tondon ará Íńdíà, wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45. Kò sẹ́ni tó fìwé pe èrò: aládùúgbò, òṣèré, akọrin, gómìnà pàápàá wá ṣe kóríyá fún un. Ọmọ Akwa Ibom ni, Lẹ́kí sì gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹni pé inú ilé wọn ló ti jáde. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, àjọ Guinness World Records kéde pé wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ló jẹ́ tirẹ̀. Òfin wọn ni pé ìṣẹ́jú 5 péré ni ìsinmi fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sinmi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ àkókò tó lé náà kúrò, síbẹ̀ ó borí.

Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọnù nínú ìkánjú wa. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ti pariwo ọmọ kan káàkiri gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba máàkì jù nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì tí àjọ JAMB ń ṣe, wọ́n sì ti ṣèlérí sikọ́láṣíìpù ńlá fún un, kí àjọ náà tó sọ pé máàkì tó wà lórí ìwé rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ọmọdé ló jẹ ìtìjú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ JAMB ni kò bèèrè.

Oríṣi ẹ̀bùn méjì ló wà. Ọ̀kan ni owó ẹ̀ẹ̀kan: ní 2023, nígbà tí Aminat Yusuf fi 5.0 pípé jáde nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fún un ní mílíọ̀nù 10 náírà. Ó tọ́ sí i. Èkejì ni ẹ̀bùn tó ń bá iṣẹ́ lọ. Lójú títì Lẹ́kí, kò jìnnà sí VGC, ni Nigerian Conservation Foundation wà, àjọ tí Olóyè Shafi Lawal Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Owó ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ lórí igbó, omi àti ẹranko. Èyí ni ọkàn mi fà sí jù.

Ní ìpele orílẹ̀-èdè, Chude Jideonwo àti Adébọ́lá Williams bẹ̀rẹ̀ The Future Awards ní 2006. Àjọ ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ JCI náà ń yan ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ta yọ, láti ẹni ọdún 18 sí 40. Ẹlòmíràn ló sábà ń fi orúkọ ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹni tí kò bá sì ní alátìlẹ́yìn á ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ Túndé Ònàkọ̀yà fi yàtọ̀. Láti 2018 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ayò chess ní Májídùn ní Ìkòròdú, ní Mákòkó, àti lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ó lọ bá ọmọ níbi tó wà, ó kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló wá olówó tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, ó fi wákàtí 60 ta ayò náà láìdáwọ́dúró ní Times Square ní New York, mílíọ̀nù kan dọ́là ló sì fẹ́ fi kó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà.