Ọ̀tọ̀ ni Òṣùwọ̀n Ṣúgà, Ọ̀tọ̀ ni ti Ìbànújẹ́: Ewé nínú Ìtàn Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ

Ohun tí ojú rí ni Yorùbá fi sọ àtọ̀gbẹ lórúkọ: aláìsàn ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Orúkọ náà kò mẹ́nu ba ọkàn. Síbẹ̀, ìbànújẹ́ kì í ṣe àlejò nínú ìtàn àìsàn yìí. Ní 1674, Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ̀wé pé ìtọ̀ alátọ̀gbẹ máa ń dùn, ka ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ ohun tí ó ń fa àìsàn náà. Ní 1776, Matthew Dobson fi hàn pé ṣúgà ni ó wà nínú ìtọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni ṣúgà ti ní òṣùwọ̀n. Ìbànújẹ́ kò ní.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó sọ ewé di oògùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo ewé Galega officinalis ní Yúróòpù. Èròjà kan nínú rẹ̀, galegine, ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Ní 1922, Emil Werner àti James Bell ṣe metformin, tí ó bá galegine tan. Ní 1957, Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé kéde ìlò rẹ̀ fún alátọ̀gbẹ. Lónìí, òun ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àtọ̀gbẹ irú kejì.

Ó di 1995 kí William Polonsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó tẹ PAID jáde, ìbéèrè 20 tí a fi ń wọn ìdààmú ọkàn tí àtọ̀gbẹ ń fà: ẹ̀rù ọjọ́ iwájú, ìbínú, àárẹ̀ ìtọ́jú tí kò lópin. Ẹrù ọkàn náà wá di ohun tí a lè wọ̀n.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àgbo. Àgbo kì í ṣe ewé lásán láàárín wa. Ẹnì kan ni ó já a, tí ó sè é, tí ó gbé e fún aláìsàn, tí ó sì bi í bí ó ti sùn. Irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tu ọkàn lára. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó fúyẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ṣúgà ti wálẹ̀. Ẹni tí ó pa oògùn tì nítorí pé àgbo mú un sùn dáadáa lè máa pàdánù ojú àti kíndìnrín rẹ̀ láìmọ̀. Bí ewé náà bá sì ń dín ṣúgà kù ní tòótọ́, tí a mu ún pọ̀ mọ́ oògùn, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí olùwádìí bi àgbo kan náà: kí ni ó ṣe fún ẹ̀jẹ̀? Kí ni ó ṣe fún ọkàn? Ìdáhùn ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì.