Iyayi àti Ìjà Àwọn Olùkọ́ Yunifásítì

Ẹ̀yin ènìyàn wa, Yunifásítì Benin ló múlé gbe Ekosodin. Bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá yanṣẹ́ lódì, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sílé, ọjà wa náà kì í yá mọ́.

Festus Iyayi, ọmọ Ẹ̀sán, ti ṣe alága ẹ̀ka ASUU níbẹ̀ kó tó di ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Nàìjíríà ní 1986. Ní 1988, ìjọba ológun Babangida fòfin de ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ti Iyayi mọ́lé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀, Heroes, gba ẹ̀bùn àwọn òǹkọ̀wé Commonwealth. Ẹ ò rí nǹkan!

Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹgbẹ́ náà ní 1990, wọ́n tún fòfin dè é ní 1992, síbẹ̀ kò kú. Lẹ́yìn àdéhùn 2009 ni òfin 2012 dé: ọ̀jọ̀gbọ́n lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni 70 ọdún, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ pé iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ yóò máa gba iye owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹni 66 ọdún ni Iyayi ní 12 Oṣù Kọkànlá 2013. Ìyanṣẹ́lódì ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń lọ sí ìpàdé ASUU ní Kano, nígbà tí ọkọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà Kogi kọlu tiwọn nítòsí Lokoja. Ibẹ̀ ló kú sí. Oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.