Bí ìwádìí ìdọ̀tí omi ṣe ti ọ̀sà Èkó dé Ọ̀yun

Inú ọ̀sà Èkó ni ìwádìí nípa omi etí òkun ti ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń wá, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ní 1958, M. B. Hill àti J. E. Webb, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tẹ iṣẹ́ wọn lórí ọ̀sà náà jáde. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á ya wọ ọ̀sà, omi ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á gba ẹnu ọ̀sà wọlé, iyọ̀ á sì tún le. Ẹja àti ohun abẹ̀mí inú ẹrẹ̀ ń bá iyọ̀ náà lọ, wọ́n ń bá a bọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí omi ṣe ń yí padà fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún kò lè mọ èyí tí ọwọ́ ènìyàn fà.

Ìdọ̀tí sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa wọ̀n ọ́n. Láyé ìjọba Òyìnbó, àwọn agbépòó ló ń ru ìgbẹ́ àwọn ará Èkó, inú ọ̀sà ni wọ́n sì ń dà á sí. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú ọ̀sà kan náà, ní Ìddó, ni ọkọ̀ ń tú ẹrù rẹ̀ sí. Ní Òkobàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, gẹdú ń léfòó wá láti ìgbèríko, wọ́n ń là á sí pákó létí omi, ìyẹ̀fun tí ayùn ń dà sílẹ̀ sì ń rọ́ sínú ọ̀sà. Bí igi náà bá ń jẹrà, á fa ọ́síjìn inú omi tán, ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun, sílẹ̀ ní Èkó. E. A. Ajao tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá S. O. Fagade ti Yunifásítì Ìbàdàn wá inú ẹrẹ̀ ọ̀sà wò, wọ́n sì ń tẹ àbájáde rẹ̀ jáde láti nǹkan bí 1990. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ lé lórí ni Capitella capitata, ekòló kékeré tó ń gbilẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí ti lé àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rí tó lágbára ni irú ekòló bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n bu lónìí lè ti ṣàn lọ lọ́la, àmọ́ ohun tó ń gbé inú ẹrẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ti omi fúnra rẹ̀, ìgò méjì ni wọ́n ń bu ú sí. Wọ́n á wọn ọ́síjìn inú èkíní lójú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé èkejì sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5, ní ìwọ̀n ooru 20°C, kí wọ́n tó wọn tirẹ̀. Èyí tó bá dín ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí lò láti fi jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bó bá ṣe dín tó ni omi náà ṣe dọ̀tí tó.

Ìdọ̀tí mìíràn ń ti ibi tó jìnnà wá. Májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá da sí ìlú Kòkó ní 1988 ló mú kí ìjọba dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò àyíká, sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní January 12, 1998, páìpù epo Mobil bẹ́ ní Idoho, lójú òkun Akwa Ibom. Nǹkan bí àgbá 40,000 ló dà sómi, òkun sì gbé lára rẹ̀ dé etíkun Èkó.

Irú epo bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí. Ìdọ̀tí tó ń ti orí ilẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀ ló ṣòro láti mọ orísun rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlú Ọ̀fà ti wọ ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jìnnà sí òkun. Ìlú náà kò jìnnà sí ibi tí omi ti pínyà: odò Ọ̀tìn, níhà gúúsù, ń gba ojú odò Ọ̀ṣun lọ sí ọ̀sà Lẹ́kìí, odò Ọ̀yun ń ṣàn síhà àríwá títí omi rẹ̀ fi dé odò Ọya, tó sì gba ibẹ̀ wọ òkun. Ní 1964 ni wọ́n sé Ọ̀yun ní Ọ̀fà kí àwọn ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. M. K. Mustapha ti Yunifásítì Ilọrin yẹ omi dáàmù náà wò láti January 2002 títí di December 2003, ní ojú ibi mẹ́ta, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2008. Omi náà ṣì dára. Ṣùgbọ́n àgbàrá ń kó ajílẹ̀ òyìnbó láti inú oko àti ìgbẹ́ màlúù láti orí pápá wọ inú rẹ̀, èyí tó ń fi náítréètì àti fọ́sífeètì kún un. Oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún ohun aláwọ̀ ewé tó ń bo ojú omi. Tí èyí bá kú, jíjẹrà rẹ̀ náà á fa ọ́síjìn, bí ìyẹ̀fun pákó ti ṣe ní Òkobàbá.